Ẹ̀rọ Tó Ń Ba Àna Wa Lórúkọ Jẹ́

Ọmọ mi àtàtà, ìwọ àkọ́bí tó sọ mí di ìyá, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọkọ rẹ kú ìtọ́jú ilé, mo sì kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n má ṣe gba ìkíni àbúrò rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ o. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ẹsẹ̀ tó máa ń ro ọ́ nígbà tí o bá ń gun àtẹ̀gùn ilé yín ńkọ́? Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí, ẹni tí o bá finú hàn kò ní í fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Àmín. Àwa náà ń bẹ ní àlàáfíà, àfi orúnkún mi òsì tó ń bá mi ṣe eré tí n kò bá a dá, àti ewúrẹ́ aládùúgbò tó jẹ tówẹ̀ẹ̀lì mi lórí okùn, tí olúwa rẹ̀ tún wá ń bi mí bóyá ọṣẹ wà lára rẹ̀, nítorí inú ń run ewúrẹ́ òun.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹnikẹ́ni kò bá mi dì í mú. Olùkọ́ wa ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbàlagbà sọ pé ìkọ̀wé mi ti ń jókòó dáadáa lórí ìlà, àfi pé n kì í fi àmì ìdánudúró sí ibi tó yẹ. Mo ní kó má bínú, àwọn tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn ló ń dánu dúró. Nísinsìnyí kò sí ohun tí ojú mi rí tí n kì í kà sókè, pátákó ojú títì ni o, ara páálí ọṣẹ ni o, ẹ̀yìn ìgò oògùn ni o. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sáré wá, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n dákẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àbúrò rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù. Mo dáhùn lójú ẹsẹ̀, mo kí ọ títí, mo bi ọ́ léèrè àwọn ọmọ, o kàn ń sọ tìrẹ lọ ni, mo rò pé inú ló ń bí ọ. Àbúrò rẹ ló wá ṣàlàyé pé ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ láti àná ni, pé ìwọ fúnra rẹ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo ní kò burú, ìkíni kì í ṣòfò, bí o bá padà wá wàá bá a níbẹ̀.

Ohun tí o sọ yé mi. O ní a kò gbọ́dọ̀ fi owó tí bàbá yín fi sílẹ̀ àti èyí tí ìwọ fi lé e ra ọkọ̀ àlòkù kankan láìjẹ́ pé a fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní síkánà wo inú rẹ̀. O ní kí a wá síkánà tí kò wọ́n, kí a rà á, nítorí àbúrò rẹ yóò máa lò ó lọ títí. O ní bí owó yìí bá fi lè kó sínú ọkọ̀ tó ti kú, òmíràn kò sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àbúrò rẹ ń jókòó sí, tó ń gé èékánná tó ti gé lánàá, bẹ́ẹ̀ oyún ìyàwó rẹ̀ ń ga sí i lójoojúmọ́. Ọkọ̀ èrò yìí ni oúnjẹ wọn. Bí ó bá bàjẹ́, n kò mọ ohun tí wọn yóò jẹ.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, o gbàgbé ohun kan. Ọkọ̀ ta ni? Ọkọ̀ àna wa ni. Bàbá ìyàwó àbúrò rẹ gan-an, àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù lẹ́bàá títì ńlá, tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Ojúlówó, nítorí kò sí ohun tí wọ́n tà rí tí wọn kò pè ní ojúlówó, títí kan ọkọ̀ tí wọ́n fi okùn fà wọ inú ọgbà. Wọ́n gbọ́wọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí lójú mi, wọ́n búra pé láti ọjọ́ tó ti dáyé kò húkọ́ rí, pé obìnrin arúgbó kan ló ń lò ó, ilé ìjọsìn nìkan ló ń gbé e lọ, ó sì ń rọra lọ. Wọ́n ní iná kékeré tó máa ń tàn níwájú awakọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn, ti ọkọ̀ yìí kò tàn rí. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó ní òun ń bọ̀ wá yẹ inú ọkọ̀ wọn wò? Ẹni tó tọ́ ọmọ dàgbà, tó ní kí o máa mú un lọ, ṣé ìwọ ni yóò tún wá bi í bóyá ọkọ̀ rẹ̀ dára? Ìyàwó ilé wa á ní a pe bàbá òun ní òpùrọ́, ìjà á dé, a ó pàdánù ọkọ̀, a ó pàdánù ọmọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó.

Mo ronú títí orí mi fi gbóná. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wa sọ níbi ẹ̀kọ́ ìṣirò ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kí a tó gba òṣùwọ̀n gbọ́, ohun tí a ti mọ ìwúwo rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbé lé e. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n! Bí a bá fẹ́ ra síkánà tí kò ní í purọ́ fún wa, àfi kí a kọ́kọ́ gbé e sára ọkọ̀ tó dájú pé ara rẹ̀ dá. Ọkọ̀ wo ni ara rẹ̀ wá dá ju èyí tí àna ẹni búra lé lórí? Síkánà tó bá ní ọkọ̀ náà dára, olóòótọ́ ni, a ó rà á. Èyí tó bá ní kò dára, òpùrọ́ ni, kó máa lọ. Nígbà tí mo là á yé àbúrò rẹ, ó wò mí, ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó ní Màmá, ẹ̀yin ni ẹ ó lọ bá wọn sọ ọ́ o. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Mo wé gèlè, mo lọ. Mo kúnlẹ̀ kí àna wa, mo ní ẹ jọ̀wọ́ o, kì í ṣe ọkọ̀ yín la fẹ́ yẹ̀ wò, kí a má rí i, ẹ̀rọ la fẹ́ yẹ̀ wò, ọkọ̀ yín la kàn fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí a kò rí ọkọ̀ mìíràn tó dá wa lójú tó o. Inú wọn dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Wọ́n yíjú sí àwọn oníbàárà tó wà nínú ọgbà, wọ́n ní ẹ wá gbọ́, ọkọ̀ mi ni wọ́n fẹ́ fi mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́! Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí àbúrò rẹ, wọ́n ní gbé e lọ, fi han ẹnikẹ́ni tó bá lójú.

Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó wà ní oríta la kọ́kọ́ lọ, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ jáde bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, tí ọkùnrin tó ń tajà so táì mọ́rùn bí ọkọ ìyàwó. Síkánà tiwọn fẹ̀ tó síléètì ọmọléèwé, iye rẹ̀ tó iye abo màlúù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Oní-táì jáde wá, ó ki ẹnu ẹ̀rọ náà bọ ihò kan lábẹ́ ibi tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, kò kí ọkọ̀, kò tọrọ gáfárà, èmi ni mo bá a kí i. Ẹ̀rọ ronú, ó ronú, ojú rẹ̀ wá pọ́n. Lẹ́tà àti nọ́ńbà yọ síta. O mọ̀ mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ dúró, onímọ́tò dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Oní-táì wá ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ihò tí iná ti ń ràn nínú ẹ́ńjìnnì kò ràn dáadáa mọ́. Ó ní ohun tó ń sẹ́ èéfín ọkọ̀ ti kú. Ó ní bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kò gbọ́ràn. Ó tún ní iná kékeré tó yẹ kó ti máa pariwo gbogbo èyí, ẹnìkan ti lẹ nǹkan dúdú mọ́ ọn lójú. Mo ní ìyẹn kò ṣòro, àna wa ni yóò ti lẹ̀ ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà máa gún awakọ̀ lójú, aláàánú ènìyàn ni wọ́n. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Mo kọjú sí ẹ̀rọ náà, mo ní ìwọ tí o fẹjú tó báyìí, ṣé o mọ ẹni tí o ń bà lórúkọ jẹ́? Mo dárúkọ àna wa, mo dárúkọ ọgbà wọn, mo júwe rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí gbogbo wọn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Oní-táì ní Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo ní ohun tí ìyá olè máa ń sọ nípa ọmọ rẹ̀ náà nìyẹn.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ àna wa ni mo gbà lọ tààrà láti bá wọn kẹ́dùn. Mo bá tọkọtaya kan lọ́dọ̀ wọn tó ń ná ọkọ̀, ọwọ́ ọkùnrin náà ti wọ àpò. Ariwo títì pọ̀, nítorí náà mo gbóhùn sókè. Mo ní àna wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ayé, ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ kan sọ sí yín, ó ní iná kò ràn nínú ọkọ̀ yín, ó ní ohun tó ń sẹ́ èéfín ti kú, ó ní bíréèkì kò gbọ́ràn, ó ní wọ́n lẹ iná lójú. Tọkọtaya náà ní àwọn ń bọ̀. Wọn kò tíì padà di bí mo ti ń wí yìí. Àna wa bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, wọ́n nu iwájú, wọ́n nu ọrùn, wọ́n ní ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kó sinmi. Mo ní òótọ́ ni, ìbanilórúkọjẹ́ a máa rẹ ọkọ̀ pàápàá. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹkáníìkì ni mo rí tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ náà, páálí ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun wà nílẹ̀ káàkiri. Àna wa ní bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọn ló bọ́ síbẹ̀, mẹkáníìkì ló ń bá àwọn wá a. Èmi náà bá wọn wá a díẹ̀, kí orúnkún mi tó kọ̀.

Síkánà kejì, ọ̀dọ̀ Ìyá Wáyà la ti rí i, obìnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ àtíbàbà páànù, tí epo ọkọ̀ kì í kúrò léèékánná rẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ju ẹ̀rọ ìṣirò lọ, ó ní wáyà gbọọrọ, ó ní òun lè bá wa wá irú rẹ̀ ní iye òbúkọ kan tó sanra. Ó ki í bọ ọkọ̀. Ẹ̀rọ yìí kò sọ nǹkan kan nípa iná tí kò ràn, kò sọ nǹkan kan nípa èéfín. Ọkàn mi ti ń fà sí i. Àfi bó ṣe dé orí bíréèkì, ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì kò jẹ́ ìpè. Mo ní áà, ìwọ náà! Ìyá Wáyà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá, ẹ má fi èyí ṣeré o, bí òjò bá rọ̀ tí ọmọ yín tẹ bíréèkì lójijì, ẹsẹ̀ yìí lè yọ̀, ọkọ̀ á yí po. Ọmọ mi, n kò ní í purọ́ fún ọ, àyà mi já. Mo rí ìyàwó ilé wa àti oyún rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà lójú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé ta ni kí n gbà gbọ́, wáyà àbí àna? Mo ní ẹ̀rọ yìí ń pa irọ́ díẹ̀, ti oní-táì ń pa irọ́ púpọ̀, bí owó wọn ṣe ga sí ni irọ́ wọn ṣe pọ̀ tó. Ìgbà yẹn ni òwe àwọn àgbà tó wọ̀ mí létí, pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Èmi nìkan kọ́ ló lọ kẹ́dùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì, inú bí gbogbo wa, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí ọgbà ọkọ̀. Ìyá aránṣọ tó máa ń jókòó tì mí kọ ọ́ sára páálí ní lẹ́tà gàdàgbà pé BÍRÉÈKÌ BABA OJÚLÓWÓ KÒ BÀJẸ́, ó gbé e sókè lójú títì, àwọn awakọ̀ ń rọra lọ kí wọ́n lè kà á. Olùkọ́ ní kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan kọ. Àna wa sáré jáde pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wálẹ̀. Wọ́n ní ìyá, ó tó, ẹ má jà fún mi mọ́. Mo ní láéláé, ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ kì í dákẹ́ kí wọ́n máa bú bàbá ọmọ. Wọ́n tún ní kí ọkọ̀ náà sinmi. Bọ́tìnnì sì tún ti bọ́ o, nítorí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ pátápátá láti wá a, àna wa dúró tì í, wọ́n ń sọ fún un pé tuntun ni kó fi sí i, kó má fi àlòkù sí i, tìtorí Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o fetí sí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe la ti rí i, kò ju páálí ìṣáná lọ, iye adìẹ kan ni, kò ní wáyà, kò ní ojú, inú fóònù ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Wọ́n ki í bọ ọkọ̀, fóònù àbúrò rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní ṣé a gbà. Mo ní kí la gbà? Ẹni tí kò tíì sọ ohun tó fẹ́ kì í béèrè pé ṣé a gbà. Àbúrò rẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ibi tí a wà. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun wà. Kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan tó ti ń bẹ̀ wá pé kí a fún òun ní ìràwọ̀. Mo ní ọmọ dáadáa ni, ojú ló ń kán an. Atúnfóònùṣe náà là á fún wa pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni kékeré yìí mọ̀, kì í dá sí ọ̀rọ̀ bíréèkì. Mo ní ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, kì í yọjú sí ohun tí kò kàn án. Nígbà tó parí, ó ní òun kò rí àléébù kankan. Mo ní ẹ rí olóòótọ́!

Nítorí bíréèkì tó ti já mi láyà, a tún gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ Ìyá Wáyà. Ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà kò rí àléébù kankan mọ́. Ìyá Wáyà wò mí, ó wo àbúrò rẹ, ó ní Màmá, bàbá yìí ti náwó. Mo ní owó kọ́, níbi tí olóòótọ́ bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òpùrọ́ á kó ẹnu rẹ̀ níjàánu. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò rẹ gbé ọkọ̀ gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bíréèkì lójijì nínú omi, ọkọ̀ dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Iná kékeré náà, wọ́n ti ṣí i lójú, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ á tàn, á sì kú fúnra rẹ̀, Ìyá Wáyà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó máa ṣe.

Mo lọ sọ fún àna wa pé orúkọ wọn ti mọ́. Ṣùgbọ́n mo ní kó má baà ku nǹkan kan nílẹ̀, mo ṣì fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí gáréèjì àwọn onítírélà, níbi tí ẹ̀rọ ńlá wà, tí èrò pọ̀ ju ti oríta lọ, kí kíláàsì wa sì tẹ̀lé mi. Àna wa dìde. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ìyá, ẹ má gbé e lọ sí gáréèjì kankan, ilé ni kí ẹ máa gbé e lọ, lónìí, nísinsìnyí. Mo ní a kò tíì ná an. Wọ́n ní àwọn ti bá wa ná an, wọ́n sì bù kúrò nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, èyí tó kù la fi ṣe ìwé ọkọ̀. Wọ́n fi táyà kan sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rọ epo kún un. Ìyàwó ilé wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé ẹkún ayọ̀ ni. Bí a ṣe ń jáde, mo gbọ́ tí àna wa ń sọ fún mẹkáníìkì wọn pé láyé àwọn, àwọn kò ní í ta ọkọ̀ fún àna mọ́. Ó yé mi. Ìfẹ́ náà ti pọ̀ jù fún wọn. Láti ìgbà náà wọ́n ti ránṣẹ́ pé bí mo bá fẹ́ yà sí ọgbà, kí n máa sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa múra dè mí ni.

Àbúrò rẹ ti ń gbé èrò láti ìdájí, ó ti gbàgbé èékánná rẹ̀. Síkánà olówó adìẹ la mú, èyí tó bá jẹ mọ́ bíréèkì a ó máa gbé e lọ bá Ìyá Wáyà. Jọ̀wọ́ fi owó adìẹ náà ránṣẹ́. Atúnfóònùṣe tún ní ẹ̀rọ náà ń jẹ dátà. N kò mọ oko tí wọ́n ti ń gbìn ín, ṣùgbọ́n fi owó rẹ̀ kún un, kó pọ̀ díẹ̀, kò yẹ kí ebi pa olóòótọ́. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, mo fẹ́ ra awò ojú.

Ọkọ rẹ tó ní òun náà fẹ́ ra ọkọ̀ níbẹ̀, bá mi sọ fún un kó má lọ náwó sórí ẹ̀rọ ńlá. Kó wá ẹni tó ń ta ọkọ̀, kó jẹ́ kí onítọ̀hún di àna yín, kó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, kó sì máa ròyìn gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní í yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ tí o fi ń fún wa kò ní í gbẹ, ilé ọkọ rẹ yóò tù ọ́ lára, àwọn ọmọ rẹ yóò gbé ọ nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Bí a bá ń pè ọ́ níbi ire, wàá wà nítòsí láti dáhùn. Àmín àṣẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Awakọ̀ báyìí.